Ọ̀rọ̀ Tí Kò Wọ Ìwé Kóòtù Ni Mo Fi Kọ Ìwé Mi

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní kóòtù ìbílẹ̀ kan lápá Ìkọ̀lé-Èkìtì. Kí n tó kọ ìwé ìtàn àròsọ ni mo ti ń ṣe é, òun náà ni mo ṣì ń ṣe báyìí, torí mi ò tíì rí ẹni tí ìwé Yorùbá ń bọ́ yó. Àwọn tó bá ra ìwé mi máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi, ṣé yunifásítì ni mo ti lọ kọ́ ọ ni. Mi ò lọ síbì kankan. Ẹnu olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ni mo ti kọ́ ọ, àgàgà ohun tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí kóòtù wa ṣe ń jókòó, torí ẹni tí kò bá débẹ̀ rí á máa rò pé bíi ti inú fíìmù ni. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ààrẹ kóòtù fúnra rẹ̀ ló ń fi bírò kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé ńlá kan tó ní páálí líle, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń fi kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí á sọ Èkìtì, èmi á túmọ̀, Ààrẹ á kọ. Ọwọ́ kì í yá tó ẹnu. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn tí a ń gbọ́ jù ní kóòtù kì í fi í ṣe "mo búra pé òtítọ́ ni mo máa sọ". "Ẹ dúró ná, bàbá, mi ò tíì kọ ìyẹn tán" la ń gbọ́ jù.

Bàbá á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́ yẹn kì í pẹ́. Bírò Ààrẹ ṣì ń rìn lórí ìwé tí ẹlẹ́rìí á ti máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, á máa bá ara rẹ̀ wí, tàbí kó kọjú sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Mo rántí ọkùnrin kan tó wá jẹ́rìí lórí ààlà ilẹ̀ (mo ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ kì í ṣe ohun ìní mi). Ó ti ka àwọn igi pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà, ó ti dárúkọ odò, ó ti sọ ẹni tí oko wọn jọ pààlà. Ààrẹ ní kó dúró. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó ń bá a ṣẹjọ́, ó ní, "Ìwọ yìí. Ẹ̀yìn mi lo wà lọ́jọ́ tí ejò ṣán ọ. Láti oko títí dé ọsibítù, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ìyẹn tẹjú mọ́lẹ̀. Ààrẹ gbórí sókè, ó bi mí pé kí ló wí. Mo ní, "Kò tíì sọ nǹkan tó kan ẹjọ́, sà." Òótọ́ sì ni mo sọ, ejò ò kan ààlà. Ààrẹ ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ọkùnrin náà sì padà sórí pèrègún.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ejò yẹn sí ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ kan tí ọmọ mi ti lò kù. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Láti ìgbà náà, bí ẹlẹ́rìí bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó dúró, mo ti ń gbọ́ ọ lọ́tọ̀. Obìnrin kan tó wá kọ ọkọ sílẹ̀ ń bi afẹ́fẹ́ léèrè pé ta ni yóò máa bá ọkùnrin náà fá irun báyìí. Bàbá arúgbó kan ń ka orúkọ àwọn tó yẹ kó wá jẹ́rìí fún un, tí gbogbo wọn ti kú, ó ń ka wọ́n bí ẹni ń ka owó. Èyí kankan nínú wọn ò wọ ìwé ńlá yẹn, kò sì yẹ kó wọ̀ ọ́. Kóòtù ní ohun tó ń wá.

Ohun tí mo ní fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn tí kò ní ìtàn tó so wọ́n pọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tó fẹ́ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìtàn lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Tèmi, ọ̀rọ̀ kòkó ló gbé ìtàn wá.

Ẹni tó bá dàgbà sí Èkìtì á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n fi oko dógò. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí owó bá há mọ́, bóyá ó ní òkú láti sin tàbí ọmọ rẹ̀ wọlé sí ilé ìwé girama, á mú oko kòkó rẹ̀ fún olówó. Olówó á máa ká kòkó náà tà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san owó rẹ̀. Kòkó tó ń ká yẹn ni èlé rẹ̀. Àmọ́ oko ò di tirẹ̀ láéláé. Òfin ìbílẹ̀ wa ò dá ọjọ́ sí i: bó pé ogún ọdún, bó pé ọgọ́ta, bí ọmọ-ọmọ ẹni tó fi oko dógò bá gbé owó yẹn dé, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda oko fún un. Dógò kì í di ìní.

Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ẹ wá wo bó ṣe ń rí nínú yàrá kóòtù. Ká ní pọ́n-ún ni wọ́n fi yá owó náà, kí ìjọba tó pààrọ̀ owó sí náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Náírà méjì ni wọ́n fi gba pọ́n-ún kan nígbà náà. Ẹni tó yá ogún pọ́n-ún jẹ ogójì náírà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á wá dúró níwájú Ààrẹ, á ní òun ti gbé ogójì náírà bàbá àgbà òun dé, kí wọ́n dá oko padà. Èrò inú kóòtù á bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun.

Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, ọ̀pọ̀ oko ló di igbó, àwọn ọmọ ti ṣí lọ sí Èkó, ẹni tó bá fẹ́ kó máa ká a. Ìgbà tó di ọdún 2024 ni nǹkan yí. Kòkó ò so dáadáa ní Gánà àti Ivory Coast, àwọn méjì tó ń kó kòkó jù lágbàáyé. Owó tọ́ọ̀nù kan fò kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ ní igi mẹ́ta nínú igbó ló rántí ọ̀nà oko lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ìrì rí ń wọ ọ́fíìsì wa, wọ́n ń béèrè eélòó la ń ta fọ́ọ̀mù ìpẹ̀jọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irú ẹjọ́ yìí yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tó kù, ẹnìkan ń purọ́, iṣẹ́ kóòtù sì ni láti mọ ẹni náà. Nínú ti dógò, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òtítọ́. Ká ní ọmọ kan ti Èkó dé, ó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ opó kan. Lóòótọ́ ni bàbá àgbà ọmọ Èkó yẹn fi oko dógò. Lóòótọ́ sì ni ọkọ opó tó wà lórí oko náà fi gbogbo ayé rẹ̀ ro ó, tó ń fi tuntun rọ́pò igi tó bá kú, tó ń fín oògùn sí i nígbà òjò kí èso má baà dúdú dànù. Inú oko náà ni wọ́n sin ín sí. Ta ni ká bínú sí níbẹ̀? Oorun ò kùn mí lójú mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ẹjọ́ olè ilẹ̀ ò fi mí ṣe rí. Mo wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ejò àti ọ̀rọ̀ irun máa bọ́ sí.

Mo ṣe òfin kan fún ara mi kí n tó fọwọ́ kan ìwé. Ìwé ẹjọ́ kì í ṣe àṣírí, ẹni tó bá sanwó lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó wá sí iwájú wa wá nítorí ọ̀ràn wọn ni, wọn ò wá ṣeré fún mi. Nítorí náà mi ò mú ẹjọ́ kankan bó ṣe rí. Ìlú inú ìwé mi ò sí lórí máàpù. Ìdílé méjèèjì, mo dá wọn sílẹ̀ fúnra mi. Gbólóhùn tí mo bá sì gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin, mo fi sẹ́nu obìnrin, tàbí kí n fi ohun mìíràn dípò ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi kà á kọjá láìfura. Ẹnìkan sọ fún mi pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe mí. Bóyá ni. Èmi ni mo sì máa ń pàdé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́jà, òun kọ́.

Ọ̀nà tí mo fi kọ ọ́ ò ṣòro fún mi láti yàn: ẹnu ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo fi pín ìwé náà, ọmọ Èkó, opó, àti àgbàlagbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi oko dógò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ìwé ìtàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo kì í ṣe àṣà wa kò mọ ibi tí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní àkọ́kọ́, lẹ́tà obìnrin kan ni gbogbo rẹ̀, inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti ń gbé e jáde láti 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé kan sì rò pé obìnrin náà wà láàyè.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ìwé mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń kà á sí wọn létí lálẹ́, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ti ọmọ Èkó, wọ́n ń bú u lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ opó ni wọ́n gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ibo lobìnrin yìí wà tó fi ń sọ gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó jókòó ni àbí ó wà lórí ìdúró?"

"Ó jókòó, mà."

"Kí ló ń fọwọ́ ṣe?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Màmá ní, "Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí wọ́n fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, á wá ká ọwọ́ gbera láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, á máa rojọ́? Ta ló dáná?" Wọ́n gbé ọpọ́n wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lọ.

Mo ronú lé e lórí gan-an. Ní kóòtù, inú àpótí ẹlẹ́rìí ni ènìyàn máa ń dúró sí, ọwọ́ méjèèjì á di igi iwájú rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa jáde. Irú ọ̀rọ̀ tí etí mi mọ̀ nìyẹn. Nílé, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo padà sí gbogbo orí ìwé náà, mo fún olúkúlùkù níṣẹ́. Opó náà ń bó iṣu nígbà tó ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú. Bó bá dé ibi tó le, ọ̀bẹ á dúró. Mi ò ní láti sọ fún òǹkàwé pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Àgbàlagbà yẹn ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri ilé ní gbogbo ìgbà tó ń sọ pé òun rí ohun gbogbo lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo sì kọ ìyẹn ni mo tó fura pé ó ṣeé ṣe kó má rí i dáadáa. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Ti oko kòkó, mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ní oko, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá wọn fọ́ kòkó nígbà ìkórè ńlá, ìyẹn ìparí ọdún. Ó ní, "Àbúrò, ṣé kóòtù ti lé ọ ni?" Mo jókòó ti òkìtì èso pẹ̀lú àwọn obìnrin, a ń fi kùmọ̀ là á. Omi funfun ara kóró rẹ̀ dùn, ó máa ń ṣàn gba ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ìgbà tó bá gbẹ ni eṣinṣin àti kòkòrò á wá mọ̀ ọ́. Wọ́n kó kóró rẹ̀ jọ, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Nígbà tí a padà débẹ̀ láti yí i, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, èéfín díẹ̀ ń rú, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ẹmu tó ti kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru inú ara rẹ̀ ni, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n kó o sí oòrùn. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọmọ Èkó inú ìwé mi ti kọ́kọ́ dákẹ́. Ó fi ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, kò sì rí nǹkan kan sọ fún odindi ojú ìwé méjì.

Kíkọ ọ́ tán ò pa mí lára tó títẹ̀ ẹ́. Mo ti fẹ́ kí àlàyé wà ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn sì ní Èkìtì nínú, kí arúgbó máa wí pé òun ń lọ sí "ulé". Ẹni tí mo gbé e fún pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fi bírò pupa tún gbogbo "ulé" ṣe sí "ilé", ó ní àkọtọ́ ò gba kí fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé àkọtọ́ ò bí Màmá Àgbà. A dá gbogbo rẹ̀ padà.

Fóònù ni mo fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú bọ́tìnnì Yorùbá tó wà lórí Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, lálẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì, wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà wọn, àpótí kéékèèké ló kún ojú ìwé. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ṣé dandan ni àwọn àmì yìí ni, pé òun lè bá mi yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá, kó mọ èyí: ọ wà lórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, àmọ́ ọ́ àti ọ̀ ò sí bẹ́ẹ̀, àmì ohùn ni wọ́n máa ń gbé lé e lórí lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà ò sì mọ ibi tí wọ́n á gbé e sí. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Charis SIL mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ni mo lò, mo wá sọ fáìlì náà di PDF tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, kó lè hàn bó ṣe yẹ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní irú lẹ́tà náà. Nọ́mbà ISBN, tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni. Oní-díjíìtì mẹ́tàlá ni, èèyàn á sì fi ẹ̀dà ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn nígbà tó bá jáde. Kò le.

Wọ́n ní kí n ṣe ìkójáde. Mi ò ṣe é. Mo ti jókòó níbi tó pọ̀ tó tí alága ti ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ra ẹ̀dà kan, tí ẹ̀dà náà sì wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n ń gbé àga kúrò. Mo kó tèmi lọ fún àwọn tó ń ta ìwé iléèwé nítòsí ọjà, fún àwọn olùkọ́ Yorùbá tí mo mọ̀, mo sì gbé díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi ní ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni Ààrẹ kóòtù ti rí i. Ó sanwó rẹ̀, kò gbà kí n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan kí a tó jókòó, ó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀, ó ti ká etí ojú ìwé púpọ̀.

"Akọ̀wé, mo kà á tán. O ò dájọ́."

"Iṣẹ́ yín nìyẹn, sà."

Ó ní bó bá jẹ́ iwájú òun ni, òun á dá oko padà fún ọmọ Èkó, àmọ́ òun á ní kó san owó gbogbo igi tí ọkọ opó náà gbìn. Mo rán an létí pé ẹni tó gba oko ní dógò ò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ sí i láìgba àṣẹ onílẹ̀.

"Èyí tó kú ló ń rọ́pò."

"Ta ló fún un láṣẹ, sà?"

"Ta ni ì bá bi? Onílẹ̀ ti lọ sí Èkó." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní bí ọmọkùnrin yẹn ò bá fẹ́ san án, kó gba Adó lọ, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìwé kejì máa ti bẹ̀rẹ̀, pé mo ti ń kọ ọ́. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n rí i pé opó náà gba lọ́yà tó mọ̀ ọ́n.